Ọdún Mẹ́jọ Nínú Ọdún Kan

 

Ní èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a fi ń pe nǹkan méjì. Oṣù méjìlá tí ó yí po ni à ń pè ní ọdún. Ọjọ́ tí a yà sọ́tọ̀ fún ayẹyẹ, òun náà ni à ń pè ní ọdún. Ẹni tí ó bá ní ọdún dé lè máa wí nípa èkíní, ó sì lè máa wí nípa èkejì. Ìtàn tí mo mú wá fún yín jẹ mọ́ méjèèjì. Ó jẹ́ ìtàn àwọn ènìyàn kan ní ilẹ̀ Òyìnbó tí wọ́n pín ọdún wọn sí ọ̀nà mẹ́jọ, tí wọ́n sì fi ayẹyẹ kan sí orí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹlẹ́sìn Wicca ni orúkọ wọn. Àgbá-kẹ̀kẹ́ Ọdún ni wọ́n ń pe ètò náà, nítorí pé ó ń yí lọ, ó ń yí bọ̀, bí àgbá kẹ̀kẹ́.

Ìbéèrè kan ni n ó fi ṣe òpó ọ̀rọ̀ mi: báwo ni àwọn ọdún mẹ́jọ yìí ti pẹ́ tó? Àwọn kan a máa wí pé láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni, pé kò yí padà rí. Àwọn mìíràn a sì ní irọ́ ni gbogbo rẹ̀, pé àná ni wọ́n hùmọ̀ rẹ̀. Bí a bá yẹ ẹ̀rí wò dáadáa, a ó rí i pé òtítọ́ kò sí lọ́dọ̀ ìhà kankan nínú àwọn méjèèjì.

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí a tú ọ̀rọ̀ kan. Wicca jẹ́ ọ̀rọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́. Oṣó ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí, ọkàn rẹ̀ lè sáré lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn àjẹ́ àti oṣó tí a ń gbọ́ ìtàn wọn nílé wa. Kì í ṣe ohun kan náà rárá. Àwọn ẹlẹ́sìn Wicca ń bọ òrìṣà obìnrin kan, àti òrìṣà ọkùnrin kan tí ó ní ìwo lórí. Wọ́n a máa pàdé ní ẹgbẹ́ kéékèèké, wọn a sì máa ṣe ìsìn wọn nínú ilé tàbí nínú igbó. Ìlànà wọn kò sì fi àyè gba pípa ẹlòmíràn lára. Ohun tí ó mú kí wọ́n yan orúkọ tí ó ń dẹ́rù bani bẹ́ẹ̀, a ó dé orí rẹ̀ láìpẹ́.

Ohun kejì tí a gbọ́dọ̀ mọ̀ ni bí ọ̀sán àti òru ti ń ṣe ní ilẹ̀ wọn. Lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, ìbáà ṣe oṣù Kẹfà, ìbáà ṣe oṣù Kejìlá, ilẹ̀ a máa mọ́, a sì máa ṣú ní nǹkan bí àkókò kan náà. Ní Ìbàdàn, ọ̀sán tí ó gùn jù lọ láàárín ọdún kò fi odidi wákàtí kan ju èyí tí ó kúrú jù lọ. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù Kẹfà, oòrùn a máa wà lójú sánmà fún wákàtí 16 àti ààbọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù Kejìlá, kì í tó wákàtí 8 tí yóò fi wọ̀. Ní ìgbà òtútù bẹ́ẹ̀, ewé ti wọ́ tán lórí ọ̀pọ̀ igi, koríko kì í hù, ẹran ọ̀sìn kò sì rí nǹkan jẹ nínú pápá. Ẹni tí ó bá ń gbé irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè ṣe kí ó má ṣọ́ oòrùn.

Ọjọ́ mẹ́rin ni oòrùn fi sàmì sí ọdún wọn. Èkíní ni ọjọ́ tí ọ̀sán kúrú jù lọ, èkejì ni ọjọ́ tí ó gùn jù lọ. Ìkẹta àti ìkẹrin ni ọjọ́ méjì tí ọ̀sán àti òru dọ́gba, ọ̀kan ní nǹkan bí ọjọ́ 20 oṣù Kẹta, ìkejì ní nǹkan bí ọjọ́ 22 oṣù Kẹsàn-án. Mẹ́rin nínú ọdún àwọn ẹlẹ́sìn Wicca bọ́ sí ọjọ́ wọ̀nyí. Mẹ́rin tí ó kù bọ́ sí àárín wọn.

Ẹ jẹ́ kí a kà wọ́n lẹ́sẹẹsẹ. Samhain, tí a ń pè bí Sáwìn, bọ́ sí ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá. Yule bọ́ sí ọjọ́ tí ọ̀sán kúrú jù lọ nínú oṣù Kejìlá. Imbolc jẹ́ ọjọ́ kìíní oṣù Kejì. Ostara sì jẹ́ ọjọ́ tí ọ̀sán òun òru dọ́gba nínú oṣù Kẹta. Beltane jẹ́ ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún, ṣùgbọ́n láti alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Litha bọ́ sí ọjọ́ tí ọ̀sán gùn jù lọ nínú oṣù Kẹfà. Lughnasadh, tí a ń pè bí Lúnásà, jẹ́ ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ. Mabon ni ìkẹjọ, nígbà tí ọ̀sán òun òru bá tún dọ́gba nínú oṣù Kẹsàn-án. Láti ọ̀kan dé èkejì kì í ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí méje lọ.

Nínú mẹ́jọ yìí, mẹ́rin wà tí ìtàn wọn dájú jù lọ: Samhain, Imbolc, Beltane àti Lughnasadh. Ilẹ̀ Írẹ́lándì ni wọ́n ti wá. Àwọn ìwé àtijọ́ ilẹ̀ náà, tí ọjọ́ wọn ti tó ẹgbẹ̀rún ọdún, dárúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ tí ó pín ọdún. Bí ẹnìkan bá sì ní òun kò gba ìwé gbọ́, kí ó gbọ́ èdè àwọn ará Írẹ́lándì. Títí di òní, Bealtaine ni wọ́n ń pe oṣù Karùn-ún, Lúnasa ni wọ́n ń pe oṣù Kẹjọ, Samhain ni wọ́n sì ń pe oṣù Kọkànlá.

Kí ni ìdí tí wọ́n fi yan àwọn ọjọ́ wọ̀nyí? Iṣẹ́ ni. Ọlọ́sìn ni àwọn ará Írẹ́lándì àtijọ́. Màlúù ni wọ́n fi ń mọ olówó, òun ni wọ́n sì fi ń san ìtanràn. Nígbà tí oṣù Karùn-ún bá wọlé, koríko a ti hù lórí òkè, wọn a sì da ẹran lọ síbẹ̀. Ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ kan tí a kà sí iṣẹ́ Cormac, ọba àti bíṣọ́ọ̀bù ìlú Cashel tí ó kú ní ọdún 908, sọ pé ní Beltane wọn a dá iná méjì, wọn a sì da màlúù gba àárín iná náà kọjá, kí àrùn má ba à kọ lù wọ́n. Ẹran tí ó ń lọ sínú pápá fún oṣù mẹ́fà ni wọ́n ń dáàbò bò bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí Samhain bá dé, wọn a kó ẹran sọ̀kalẹ̀ wálé. Èyí tí oúnjẹ kò ní tó fún títí òtútù yóò fi kọjá, wọn a pa á. Nítorí náà ẹran pọ̀, ènìyàn pé jọ, òru sì ń gùn sí i lójoojúmọ́. Kò yani lẹ́nu pé alẹ́ Samhain ni ìtàn wọn sọ pé ilẹ̀kùn àwọn òkìtì tí àwọn ẹ̀dá àìrí ń gbé máa ń ṣí sílẹ̀. Imbolc jẹ́ ti àwọn abo àgùntàn tí wàrà wọn ń bẹ̀rẹ̀ sí sun; nígbà tí ìsìn Kristi dé, ọjọ́ náà di ọjọ́ Brigid mímọ́, láti ọdún 2023 ni ìjọba Írẹ́lándì sì ti sọ ọdún Brigid di ọjọ́ ìsinmi fún gbogbo ènìyàn. Lughnasadh jẹ́ ti ìkórè, orúkọ òrìṣà Lugh ni a sì fi pè é. Wọn a máa pé jọ fún eré ìdárayá àti eré ẹṣin. Ní ọjọ́ kan náà, àwọn Kristẹni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì a máa gbé búrẹ́dì tí a fi ọkà tuntun ṣe lọ sí ilé ìsìn.

Ẹ jẹ́ kí a wá fi Írẹ́lándì sílẹ̀ díẹ̀, kí a wo àwọn ọdún mẹ́rin ti oòrùn. Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ti díjú. Pé àwọn ènìyàn àtijọ́ ṣọ́ oòrùn, kò sí àníàní. Ibojì ńlá kan wà ní Newgrange, ní Írẹ́lándì, tí wọ́n fi òkúta kọ́ ní nǹkan bí ọdún 3200 kí a tó bí Kristi. Ihò kan wà lókè ẹnu-ọ̀nà rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ọ̀sán kúrú jù lọ, ìmọ́lẹ̀ oòrùn a gba ihò yìí wọlé, a sì tàn dé yàrá inú lọ́hùn-ún fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 17. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1967 ni Michael O'Kelly, tí ń wa ilẹ̀ ibẹ̀ láti fi wádìí ìtàn, jókòó sínú òkùnkùn yàrá náà, tí ó sì fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bákan náà, àwọn òkúta gàgàrà Stonehenge dojú kọ ibi tí oòrùn ti ń yọ ní ọjọ́ tí ọ̀sán gùn jù lọ àti ibi tí ó ti ń wọ̀ ní ọjọ́ tí ó kúrú jù lọ.

Ṣùgbọ́n òkúta kì í sọ̀rọ̀. Ó fi hàn wá pé wọ́n mọ ọjọ́ náà. Kò sọ orúkọ tí wọ́n ń pè é fún wa, kò sì sọ àdúrà tí wọ́n gbà. Fún orúkọ, ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni a ó lọ. Bede, mọ́ǹkì kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ìwé nípa ìṣirò àkókò ní ọdún 725. Ó ní kí àwọn ènìyàn òun tó di Kristẹni, ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ọdún, Òru Àwọn Ìyá ni wọ́n sì ń pe òru rẹ̀. Ó sọ orúkọ tí wọ́n ń pe oṣù tí ó wà níwájú ọjọ́ náà àti èyí tí ó tẹ̀ lé e, orúkọ kan náà tí ó di Yule lónìí. Ó ní Litha ni wọ́n ń pe oṣù Kẹfà àti oṣù Keje. Ó tún ní orúkọ òrìṣà obìnrin kan, Eostre, ni wọ́n fi ń pe oṣù Kẹrin. Láti ibẹ̀ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń pe Ọdún Àjíǹde ní Easter. Ọ̀rọ̀ ṣókí ni Bede sọ nípa òrìṣà náà, kò sí ìwé àtijọ́ mìíràn tí ó tún dárúkọ rẹ̀. Ní ọdún 1835, Jacob Grimm, ọ̀mọ̀wé Jámánì tí òun àti àbúrò rẹ̀ kó àlọ́ jọ sínú ìwé, dá a lábàá pé àwọn Jámánì àtijọ́ náà yóò ti ní irú òrìṣà bẹ́ẹ̀, ó sì pè é ní Ostara. Àbá ni, kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kà nínú ìwé àtijọ́.

Ẹ ti rí bí ọ̀rọ̀ ti ń lọ. Mẹ́rin jẹ́ ti àwọn ọlọ́sìn Írẹ́lándì. Orúkọ mìíràn wá láti inú ìwé mọ́ǹkì Gẹ̀ẹ́sì, òmíràn láti inú àbá ọ̀mọ̀wé Jámánì. Wọn kì í ṣe ará ilé kan náà. Kò sí ìwé àtijọ́ kankan tí ó fi hàn pé ìlú kan ṣoṣo ṣe mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ pọ̀ rí. Ta ni ó wá kó wọn sí ojú kan?

A bí Gerald Gardner ní ọdún 1884 lẹ́bàá ìlú Liverpool. Ó lo ọ̀pọ̀ ọdún ní Séílónì, Bọ̀níò àti Màláyà. Iṣẹ́ aṣọ́bodè ni ó ṣe kẹ́yìn kí ó tó fẹ̀yìn tì ní ọdún 1936, tí ó sì padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní ní ọdún 1939, àwọn ẹgbẹ́ ìkọ̀kọ̀ kan gba òun wọlé, ẹgbẹ́ tí ó ní ó ti wà láti ayé àtijọ́. Ní àkókò náà, òfin kan tí wọ́n ṣe ní ọdún 1735 ṣì wà, tí ó sọ pé ẹni tí ó bá ń ṣe bí ẹni pé òun ní agbára oṣó tàbí àjẹ́ ti rú òfin. Ní ọdún 1951 ni wọ́n fa òfin náà ya. Ní ọdún 1954, Gardner tẹ ìwé jáde, ó sì fi ẹ̀sìn Wicca han aráyé.

Margaret Murray ni ó kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú sínú ìwé náà. Obìnrin yìí jẹ́ ọ̀mọ̀wé nínú ìtàn Íjíbítì, ṣùgbọ́n ó ti kọ ìwé mìíràn ní ọdún 1921 nípa àwọn tí wọ́n pa ní ilẹ̀ Òyìnbó nítorí ẹ̀sùn àjẹ́. Àwọn òpìtàn fojú bù ú pé bí 40,000 sí 60,000 ènìyàn ni ó kú bẹ́ẹ̀ láàárín nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún. Murray ní àwọn ènìyàn náà kì í ṣe àjẹ́, pé ọmọ ẹ̀sìn ìbílẹ̀ àtijọ́ ni wọ́n, tí wọ́n ń ṣe ọdún wọn ní ìkọ̀kọ̀. Nítorí èyí ni Gardner àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣe gba orúkọ àjẹ́ láìtijú: wọ́n rò pé àwọn ni àrólé àwọn tí a pa.

Ṣùgbọ́n àwọn òpìtàn tún àkọsílẹ̀ àwọn ilé ẹjọ́ náà kà. Wọ́n rí i pé Murray ṣa èyí tí ó wù ú, ó fi èyí tí kò bá a lára mu sílẹ̀. Wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ ìjẹ́wọ́ jẹ́ èyí tí a fi ìyà àti ìdẹ́rùbà gbà lẹ́nu ẹni. Àwọn tí wọ́n pa jẹ́ ènìyàn lásán, Kristẹni bí àwọn tí ó pa wọ́n. Ronald Hutton, òpìtàn ní Yunifásítì Bristol, ni ó kọ ìwé tí ó kún jù lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí ní ọdún 1999. Ó fi hàn pé ẹ̀sìn Wicca gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn jẹ́ ọmọ ọ̀rúndún ogún.

Bí mẹ́jọ ti ṣe pé nìyí. Ẹgbẹ́ Gardner ní Bricket Wood, ní ìhà àríwá Lọ́ńdọ̀nù, ń ṣe ọdún mẹ́rin ti Írẹ́lándì gẹ́gẹ́ bí ọdún ńlá. Àwọn ọjọ́ oòrùn mẹ́rin kò tó bẹ́ẹ̀ lójú wọn. Ìpàdé òṣùpá tí ó bá súnmọ́ ọjọ́ náà ni wọ́n ń dà á pọ̀ mọ́. Ní ọdún 1958, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ béèrè pé kí a ṣe àwọn náà ní ọjọ́ wọn gan-an, kí wọ́n sì ní ọlá kan náà. Gardner gbà. Ross Nichols, ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí ó jẹ́ olùkọ́ ilé-ìwé àti akéwì, gba ètò ọlọ́dún mẹ́jọ náà mọ́ra. Ní ọdún 1964 ni ó sì fi lélẹ̀ fún ẹgbẹ́ mìíràn tí ó dá sílẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn Druid. Síbẹ̀ díẹ̀ nínú orúkọ ṣì kù. Ní ọdún 1974, Aidan Kelly ní Kalifọ́níà ń ṣe kàlẹ́ńdà, ó sì rí i pé àwọn ọjọ́ oòrùn kan kò ní orúkọ tí ó dùn létí bí Samhain tàbí Beltane. Ó mú Litha láti inú Bede, ó mú Ostara láti inú ìwé Grimm, ó sì fi Mabon sí oṣù Kẹsàn-án. Mabon jẹ́ orúkọ ọmọ kan nínú ìtàn àtijọ́ ilẹ̀ Wélsì, ọmọ tí wọ́n jí gbé lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ nígbà tí ó di ọmọ òru mẹ́ta. Ìtàn náà kò sọ nǹkan kan nípa ọdún oṣù Kẹsàn-án.

Lórí mẹ́jọ yìí ni àwọn ẹlẹ́sìn náà gbé ìtàn kan lé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn a máa sọ pé ní Yule ni a bí òrìṣà ọkùnrin náà bí oòrùn tuntun. Ó dàgbà ní ìgbà ìrúwé, ó gbé òrìṣà obìnrin náà níyàwó ní Beltane, agbára rẹ̀ pé ní Litha, ó bẹ̀rẹ̀ sí rẹ̀ nígbà ìkórè, ó sì kú ní Samhain, nígbà tí wọ́n ń rántí àwọn òkú wọn. Ní Ọsirélíà, níbi tí òtútù ti ń mú nínú oṣù Kẹfà, ọ̀pọ̀ wọn yí gbogbo rẹ̀ padà: Yule bọ́ sí oṣù Kẹfà, Samhain bọ́ sí ìparí oṣù Kẹrin. Wọ́n mọ̀ pé ojú ọjọ́ ni ọdún náà ń tẹ̀ lé, kì í ṣe iye tí a kọ sára kàlẹ́ńdà.

Wọn kò pọ̀ rárá. Nígbà ìkànìyàn ọdún 2021 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wélsì, bí 13,000 ni ó kọ Wicca sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn wọn. Ṣùgbọ́n ọdún wọn ti kọjá àárín wọn. Láti ọdún 1988 ni wọ́n ti ń dá iná Beltane lórí òkè kan ní Edinburgh, àwọn ènìyàn tí kì í ṣe ẹlẹ́sìn náà a sì máa rọ́ lọ wò ó. Ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 2007, ìjọba gbà kí a fín àmì ẹ̀sìn wọn sára òkúta ibojì àwọn ọmọ ogun tí ó jẹ́ ọmọ ẹ̀sìn náà.

Àwọn àgbà wa ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àwọn ẹlẹ́sìn Wicca ìgbà àkọ́kọ́ fẹ́ kí aṣọ wọn ní àkísà, nítorí wọ́n rò pé ohun tí kò bá gbó kò ní iyì. Lóòótọ́, aṣọ tuntun ni Àgbá-kẹ̀kẹ́ Ọdún. A mọ ẹni tí ó rán an, a sì mọ ọdún tí ó rán an. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ègé tí ó fi rán an gbó ní tòótọ́. Iná méjì tí màlúù gba àárín rẹ̀ kọjá kì í ṣe àròsọ. Búrẹ́dì ọkà tuntun kì í ṣe àròsọ. Ìmọ́lẹ̀ tí ó ń wọ ibojì Newgrange ṣì ń wọ ibẹ̀ lọ́dọọdún. Púpọ̀ nínú àwọn ẹlẹ́sìn náà lónìí ti ka ohun tí àwọn òpìtàn kọ, wọ́n sì gbà á. Wọn kò tìtorí rẹ̀ pa ọdún wọn tì.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, bí ẹnìkan bá sọ fún yín pé àṣà kan ti wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ẹ má ṣe bá a jà, ẹ má sì ṣe gbà á wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ bi í léèrè: ta ni ó kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀? Ní ọdún wo? Èwo ni ẹ̀rí, èwo sì ni àbá? Àwọn tí wọ́n pa nítorí ẹ̀sùn àjẹ́ ní ilẹ̀ Òyìnbó kú nítorí pé àwọn onídàájọ́ gba ìjẹ́wọ́ tí a fi ìyà gbà gbọ́. Ìjẹ́wọ́ kan náà yìí ni Murray tún fi ṣe ẹ̀rí, tí ó sì sọ wọ́n di ọmọ ẹ̀sìn tí wọn kò mọ̀ rí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni a ti purọ́ mọ́ àwọn òkú wọ̀nyí. Ojúṣe òpìtàn ni kí ó má ṣe jẹ́ kí ó di ẹ̀ẹ̀mẹ́ta.